Ó Yẹ kí Ẹni tí Ó Ń Dá Gbé Máa Se Oúnjẹ Ara Rẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹni tí kò ní aya tàbí ọkọ, tí kò sì bá òbí gbé, kò ní ìdí tí yóò fi máa dáná. Wọ́n ní wàhálà ìdáná fún ẹnu kan ti pọ̀ jù. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí. Lójú tèmi, ẹni tí ó ń dá gbé gan-an ni ó yẹ kí ó mọ bí a ti ń fi iná jẹ́jẹ́ se oúnjẹ tí yóò tó o jẹ.

Ní àkọ́kọ́, ó ń dín ìnáwó kù. Nígbà tí mo gba yàrá sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé wa, ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ni mo ti ń jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí oṣù tó dé àárín, owó tí bàbá mi fún mi ti tán, gààrì lásán ni mo sì ń mu sùn. Láti ìgbà tí mo ti ń se ẹ̀wà, owó mi ń tó mi lò títí oṣù fi ń parí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Èkejì, kò ṣòro rárá. Agolo mílíìkì ẹ̀wà kan tó ẹnìkan jẹ lálẹ́ àti láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A ó ṣà á, a ó fọ̀ ọ́, a ó bu omi sí i, a ó sì gbé e ka orí sítóòfù. Bí ó bá ti hó dáadáa, a ó gé àlùbọ́sà sí i, a ó dé e, a ó sì rẹ iná sílẹ̀. Bí ó bá rọ̀ tán, a ó fi iyọ̀, ata àti epo pupa sí i. Bí àgbàdo tútù bá wà lọ́jà, a lè fi sè é, ó di àdàlú nìyẹn. Bí ẹ̀wà ti ń jinná, akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó tì í kí ó máa ka ìwé rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a mọ ọgbọ́n yìí. Ní Amẹ́ríkà, Irving Naxon ṣe ìkòkò oníná mànàmáná tí ń rọra se ẹ̀wà. Ìkòkò yìí ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì gbé wá sọ́jà ní 1971 pẹ̀lú orúkọ Crock-Pot. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀ lè fi sítóòfù tí iná rẹ̀ kéré ṣe iṣẹ́ kan náà, bí kò bá ṣáà ti kúrò nídìí rẹ̀.

Òótọ́ ni pé iná léwu. Ẹni tí ó gbé ìkòkò kaná tí ó sì jáde lọ lè jó ilé onílé. Ẹni tí ó gbé àdògán èédú sínú yàrá tí ó tì pa lè sùn kí ó má jí mọ́, nítorí pé èédú tí ń jó ń tú èéfín olóró tí kò ní òórùn sílẹ̀. Ìta tàbí ilé ìdáná ni àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìbìkítà ni ó ń fa gbogbo èyí, kì í ṣe oúnjẹ sísè.

Ní ìparí, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo rọ gbogbo ọ̀dọ́ tí ó ń lọ dá gbé, ọkùnrin àti obìnrin, pé kí wọ́n ra ìkòkò kékeré kan kí wọ́n tó ra aṣọ tuntun.