Ẹrù Tí Ń Fì Lókè Orí Àgbẹ̀

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, ní Sölden ní ilẹ̀ Austria, hẹlikọ́pítà kan fi okùn gbé garawa ńlá tí a fi ń gbé kọnkéré kọjá lókè àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí okùn irin ń fà gun òkè. Ìwọ̀n ẹrù náà tó àpò sìmẹ́ńtì 15. Ó já bọ́ lù wọ́n. Ènìyàn 9 ni ó kú, ọmọdé 6 sì wà nínú wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà nínú hẹlikọ́pítà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí yín. Nígbà tí hẹlikọ́pítà tí ó gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, igbákejì Ààrẹ nígbà náà, já lulẹ̀ ní Kábà ní ọdún 2019, gbogbo wa dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí ó kú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá so ẹrù rọ̀ sábẹ́, ewu kò mọ lórí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹrù a máa fì síwá sẹ́yìn, a sì máa fa ọkọ̀ náà káàkiri. Okùn lè há mọ́ orí igi. Nígbà náà, awakọ̀ ní ohun kan lọ́wọ́ tí yóò tẹ̀ kí ẹrù lè já kúrò, kí ẹ̀mí tirẹ̀ má bàa bọ́. A kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ta ni ó wà nísàlẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, òfin irú iṣẹ́ yìí ti wà láti ọdún 1964. Ẹni tí yóò gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ kọjá ibi tí èrò pọ̀ sí gbọ́dọ̀ bá àwọn aláṣẹ ìlú náà ṣe àdéhùn, kí wọ́n lè kó ènìyàn kúrò lọ́nà. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n ti ìgboro ni. Lójú ẹni tí ó wà lókè, oko kòkó kò yàtọ̀ sí igbó lásán; kò lè rí obìnrin tí ó jókòó lábẹ́ ewé tí ń fọ́ kòkó.

Òkúta ẹfun wà ní Òkèlùsè, òkè sì yí Ìdóàní ká. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ fi hẹlikọ́pítà gbé irin tàbí ẹ̀rọ dé irú ibẹ̀ lọ́la, àwa ń béèrè lọ́wọ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ́ pé kí wọ́n má ṣe gbà títí a ó fi sọ ọjọ́ àti ipa ọ̀nà rẹ̀ fún baálẹ̀ àti olóko, tí a ó sì lu agogo káàkiri abúlé. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró ní ojú ọ̀nà oko. Iye tí wọn yóò san fún ẹni tí ẹrù bá bà ní oko tàbí ní ara jẹ́, kí ó wà nínú ìwé kí ọkọ̀ náà tó gbéra.