Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Ilé Ẹlẹ́mu Àdúgbò Wa

 

Ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa láìpẹ́ yìí, ariwo rẹ̀ kò sì tíì lọ sílẹ̀. Àwọn kan láàárín wa ní kí a para pọ̀ lọ bá àwọn olóyè àdúgbò, kí wọ́n lé gbogbo ẹlẹ́mu kúrò ní òpópónà wa ní Diobu. Wọ́n ní ọtí ló ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́. A gbọ́ wọn dáadáa, nítorí ọmọ tiwa náà wà nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ. Nínú àwa tí a ń darí ẹgbẹ́ yìí, Mùsùlùmí wà tí kò fi ọtí kan ẹnu rí, ọmọ ìjọ wà tó ti jáwọ́ pátápátá, àwọn tó ń mu níwọ̀n náà sì wà. Síbẹ̀ ohùn wa ṣọ̀kan: lílé ẹlẹ́mu kọ́ ni yóò tán ìṣòro yìí.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí a ṣe dé ibí. Kí ẹgbẹ́ wa tó ní gbọ̀ngàn, abẹ́ àtíbàbà ẹlẹ́mu ni a ti ń ṣèpàdé. Ibẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Iléṣà dé ti ń gbọ́ ibi tí yàrá wà, ibẹ̀ náà ni a ti ń dá owó bí ẹnìkan bá kú tí a fẹ́ gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí kò mu ẹmu á ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun, á jókòó tì wá. Ìyá tó ń tà á, ọmọ Ìkwéré ni. Ó mọ orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ẹni tí kò yẹ kí òun tún bu ife mìíràn fún. Bí ó bá ní ó tó, ó tó nìyẹn. Á pe ọmọkùnrin kan kó sin olúwarẹ̀ délé.

Ẹ wo ẹmu fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ irà bíi ti ìhín, ara ògùrọ̀ ni wọ́n ti ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀. Ti ọ̀pẹ náà sì wà. Adẹ́mu kì í sè é, fúnra rẹ̀ ló ń hó. Ní òwúrọ̀, ó dùn bí omi ìrèké. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Bí ó bá ṣe ọjọ́ mélòó kan, ó ti kan. Nítorí náà, kò sí ẹlẹ́mu tó lè kó o pamọ́ fún oṣù kan. Ọwọ́ adẹ́mu tó mọ̀ ló ti ń rà á, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló sì ń tà á fún. Bí ó bá bu omi tàbí ṣúgà lé e, ẹnu àwọn oníbàárà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú un.

Ògógóró kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé inú ẹmu ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣeé kó sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n dà sí i lójú ọ̀nà. Ẹ rántí ọdún 2015. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni ìròyìn dé láti Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó pé àwọn ènìyàn ń kú lójijì. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣókùnkùn, wọn kò ní mọ ènìyàn mọ́. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò tán, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n rí, májèlé tó jọ ọtí lójú, tó jọ ọ́ lẹ́nu, tó sì ń fọ́ni lójú. Ó ju ènìyàn 15 lọ tó bá a lọ. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, irú ikú kan náà ti dé ìpínlẹ̀ Rivers níbí. Oṣù Kẹfà yẹn ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n má ta ògógóró mọ́. Ikú kan náà ló bá wa nílé, tó tún bá wa lájò.

Ọtí inú ọ̀rá ni èkejì. Láti oṣù Kìíní ọdún 2022 ni NAFDAC ti dáwọ́ fífi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ariwo sọ, wọ́n tún fún wọn láàyè sí i. Ọmọ iléèwé lè fi ọ̀rá kan sínú àpò aṣọ rẹ̀. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ lè fà á mu láàárọ̀ kùtù láìjẹ nǹkan kan. Ta ni yóò sọ fún un pé ó tó?

Bí a bá wá lé ìyá ẹlẹ́mu lọ, ṣé àwọn ọmọ wa yóò jáwọ́ ni? Ẹ̀yìn kíóósì ni wọn yóò lọ, níbi tí àgbà kankan kò ti ní rí wọn.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí. Kí ẹlẹ́mu má ta fún ọmọdé, bí bàbá rẹ̀ tilẹ̀ ló rán an. Kí ó palẹ̀ mọ́ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kí ó má sì lo ẹ̀rọ ariwo nítòsí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí oúnjẹ máa wà níbẹ̀. Kí ó má gba ògógóró tàbí ọtí inú ọ̀rá sí abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gbà, a ó dúró tì í. Ẹni tó bá kọ̀, àwa fúnra wa ni yóò mú un lọ bá àwọn olóyè.

Ẹ̀yin òbí, apá tiyín náà wà ńbẹ̀. Ẹ yẹ àpò ọmọ yín wò kí ẹ tó wo ife ẹlẹ́mu. Ẹni tó bá ní àbá tó dára ju èyí lọ, kó mú un wá sí ìpàdé, a ó gbọ́. Ire o.