Wọ́n Ti Dájọ́ Tán, Owó Káńsù Dà?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Adájọ́ Emmanuel Agim ka ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé: owó tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni kí wọ́n san án fún, gómìnà kankan kò gbọ́dọ̀ dì í mú, káńsù tí ará ìlú kò dìbò yàn kì í ṣe káńsù lójú òfin. Lateef Fágbèmí, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, ló pe ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́. Ó jàre, inú wa dùn. Ọdún kan gbáko kọjá lẹ́yìn náà, owó ṣì ń gba ọ̀nà àtijọ́.

N kò ní pẹ́ lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe débí. Ẹni tó bá ń gbé Ìṣẹ́, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Èmùré ní Èkìtì níbí mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka 162 nínú ìwé òfin 1999 ló ní kí wọ́n da owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pọ̀ sínú àkáǹtì kan lábẹ́ ìpínlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń dà á pọ̀ ló ti ń pòórá.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu àwọn tó kàwé láàárín wa: “Bí owó bá bọ́ sọ́wọ́ alága káńsù, jíjẹ ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ gómìnà.” Mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ ọ nínú mọ́tò Adó. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì dùn mí wọra.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé alága lè jalè. Gómìnà kì í jalè ni? James Ibori ti Delta ṣẹ̀wọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù. Joshua Dariye ti Plateau àti Jolly Nyame ti Taraba, ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ló dá wọn lẹ́bi ní 2018. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni dìde pé nítorí èyí kí ààrẹ máa bá gbogbo gómìnà tọ́jú owó wọn? Nígbà tí Ọbásanjọ́ di owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú, tí Tinúbú jẹ́ gómìnà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2004 sọ pé ààrẹ kò láṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn gómìnà mọ̀ nígbà náà pé ẹni tó lágbára jù ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àpò rẹ tọ́jú. Kí ló wá mú wọn gbàgbé? Bí alága bá jalè, ọlọ́pàá wà, EFCC wà, adájọ́ wà. Alága Ìṣẹ́, àárín wa ló ń gbé. A mọ ilé bàbá rẹ̀, a lè dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ààfin Arínjalẹ̀, ọba wa. Ta ló lè dúró de gómìnà?

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti owó lọ. Aṣòfin ń ṣòfin, aláṣẹ ń mú un ṣẹ, adájọ́ ń túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ka 287 ní dandan ni kí gbogbo aláṣẹ àti gbogbo ènìyàn mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣẹ. Kò sọ pé àfi bí alága bá wù yín. Lọ́la, wọ́n á ti ọmọ rẹ mọ́lé ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wàá ní ẹ̀ka 35 sọ pé bí ilé ẹjọ́ bá wà nítòsí, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó gbé e dé iwájú adájọ́. Bí ọ̀gá wọn bá dáhùn pé àwọn tó ju òun lọ pàápàá kò tẹ̀ lé ìdájọ́, kí lo fẹ́ wí? Ìwọ lo ti kọ́kọ́ gbà pé ó tọ́!

Èkìtì gan-an ló yẹ kó mọ̀. A dìbò yan alága àti káńsẹ́lọ̀ ní oṣù Kejìlá 2008. Ní oṣù Kẹwàá 2010, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Káyọ̀dé Fáyẹmí gorí àga tó fi tú gbogbo wọn ká. Wọ́n gba kóòtù lọ. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 2016 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé gómìnà kò láṣẹ bẹ́ẹ̀, pé òfin ìpínlẹ̀ tó gbára lé ta ko ìwé òfin Nàìjíríà. Ọdún mẹ́fà! Fáyẹmí ti kúrò, Fáyóṣé ló wà níbẹ̀, sáà tí a dìbò fún ti jóná tipẹ́. Wọ́n lè san owó oṣù àwọn tí wọ́n lé. Àwa tí a tò sórí ìlà ìbò ńkọ́?

Ní òjò oṣù Kẹfà, mo dúró ti ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà kan ní gúúsù Èkìtì níbí. Páànù orí ìsọ̀ rẹ̀ ti lu débi pé ó fi agboòrùn bo èlùbọ́, òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú òjò. Ó tú etí ìró, ó mú ọ̀rá kan jáde. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ló wà nínú rẹ̀, ó fi rọ́bà dè é. “Ẹ wò ó, bùọ̀dá, kò sí ọjọ́ ọjà tí wọn kì í gbà á. Ẹ bá mi bi wọ́n, kí ni wọ́n ń fi ṣe?” Ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ìtẹ́ òkú, ìwé ìbí ọmọ, káńsù ni ìwé òfin gbé gbogbo wọn lé lọ́wọ́.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún, ti àwọn olùkọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rántí ayé tí owó oṣù wọn di gbèsè, àti ìgbà tí wọ́n ń yọ ọ́ láti òkè débi pé káńsù mìíràn kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹ̀rù wọn tọ́. Nítorí náà, kí káńsù kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pé owó olùkọ́ ni bánkì yóò kọ́kọ́ yọ lóṣooṣù, kó lọ tààrà sí àkáǹtì olùkọ́, kí ẹgbẹ́ olùkọ́ sì máa rí ìwé rẹ̀. Èyí kò nílò gómìnà láàárín.

Kí wọ́n yọ àkáǹtì àjọni ti ẹ̀ka 162 yẹn kúrò nínú ìwé òfin. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 la nílò, kí aṣojú wa l'Ádó sọ fún wa ní gbangba ibi tó máa dìbò sí. Kí INEC máa ṣètò ìbò káńsù. Kí ayẹ̀wéwò owó máa jáde lọ́dọọdún. Kí ìjókòó àwọn káńsẹ́lọ̀ ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú.

Èyí tí a lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí rèé. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè. Kí ẹnì kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú bébà, kó kọ ìbéèrè mẹ́ta: èló ló jáde fún wa láti Àbújá lóṣù tó kọjá? Èló ló dé ọwọ́ yín? Kí lẹ fi ṣe? Kó mú un lọ sí sẹkitéríàtì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tirẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i. Ọjọ́ méje lòfin fún wọn. Ní ọjọ́ kẹjọ, kó padà lọ, kó sì mú aládùúgbò márùn-ún dání.