Kò Sí "Kàn" Nínú Iṣẹ́ Ìtumọ̀

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ méjì bá pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí, ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́ tí ojú kò rí. Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá mọ ìdáhùn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera á gbé ìbéèrè wọn wá ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà á gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wá, wọ́n á ní, "Ẹ kàn bá wa túmọ̀ ẹ̀." Ọ̀rọ̀ "kàn" yẹn ló ń dùn wá.

Ẹ wo ìbéèrè nípa àìsàn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní depression. "Inú mi bàjẹ́", "ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì" àti "ọkàn mi pòrúùru" kì í ṣe ohun kan náà létí ìyá àgbà tó jókòó sílé ìwòsàn. Èyí tí a bá mú nínú wọn lè yí iye ẹni tí yóò dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" padà. Ti kọ̀ǹpútà ńkọ́? Bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ ọkọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọkọ́ àgbẹ̀ àti ọkọ̀ tí à ń wọ̀? Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 10 péré lè gba wákàtí kí a tó kọ ọ́ tán dáadáa.

Nígbà tí ìwé bá jáde, àwa á di "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan" nísàlẹ̀ ìwé. Owó iṣẹ́ wa á sì jẹ́ dátà orí fóònù. Dátà la kó fún wọn, dátà náà ni wọ́n fi san án.

Àwọn kan ní iṣẹ́ tí a kọ́ la ṣe, kì í ṣe ìwádìí. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọn ṣe ìṣirò náà, ṣebí iṣẹ́ tó kọ́ lòun náà ṣe? Kí ló dé tí orúkọ tirẹ̀ wà lókè?

Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ fún wa. Ìwádìí MasakhaNER tó jáde ní 2021 lórí èdè Áfíríkà 10, tí Yorùbá wà lára wọn, ní òǹkọ̀wé tó lé ní 50, àwọn elédè tó fàmì sí ọ̀rọ̀ sì wà nínú wọn. Ètò CRediT tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ń lò pín iṣẹ́ ìwádìí sí ọ̀nà 14. Ìtumọ̀ kò ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kó ní.

Ohun tí à ń fẹ́ kò pọ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a kọ ẹni tí yóò ṣe kí ni sílẹ̀, iye tí yóò gbà àti ibi tí orúkọ rẹ̀ yóò wà. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká máa kọ wákàtí tí a lò àti ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ kan dípò òmíràn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹni tó bá yín ti ọwọ́ bọ kèrègbè lórúkọ.