Ẹ Ti Wọn Ariwo, Ẹ Yẹ Bẹ́líìtì Wò Pẹ̀lú

Ọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń ṣètò ọjọ́ ìsáré ọkọ̀ ní Ìlú Ọba, àti sí àwọn ọmọ wa tó ń gbé ọkọ̀ títì lọ síbẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá àbúrò mi lọ sí pápá eré ọkọ̀ kan ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá wa dúró lẹ́nu géètì. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo sí ẹ̀yìn sàléńsà, ó ní kí àbúrò mi tẹ iná, ó sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹnì kejì yẹ akoto rẹ̀ wò. Wọ́n so bébà mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó yá.

Kò sẹ́ni tó bojú wo inú ọkọ̀. Ká ní wọ́n wò ó ni, wọn ì bá rí bẹ́líìtì alápá mẹ́rin, aláwọ̀ ewé, tí ọmọ náà rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Okùn èjìká rẹ̀ gba orí síìtì kọjá, ó sì rọ̀ wálẹ̀ tààrà lọ bá bóòtù tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn. Inú àbúrò mi ń dùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, mi ò mì mọ́ rárá.” Mo ní kí ó fa okùn èjìká le sí i kí n rí i. Bó ti fà á, irin ìdè àárín gbéra kúrò ní ìbàdí, ó gun òkè, ó sì wá jókòó sórí ìdodo rẹ̀.

Ohun tí mo rí yẹn ló mú mi kọ ìwé yìí. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ pápá pẹ̀lú bẹ́líìtì eléré tí a kò tíì yẹ̀ wò, òun àti síìtì tó wà lára rẹ̀ àti irin tí a dè é mọ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, kí ó padà sórí bẹ́líìtì tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá.

Bẹ́líìtì tó bá ọkọ̀ wá kì í ṣe ohun àbùkù. Nils Bohlin, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Swídìn tó ń bá Volvo ṣiṣẹ́, ló gbé e jáde ní 1959, ẹ̀mí tó sì ti gbà là kò ṣeé kà tán. Ó di ìbàdí mú, ó gba àyà kọjá láti èjìká kan, ó fi èjìká kejì sílẹ̀. Èjìká tó fi sílẹ̀ yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe: bí ọkọ̀ bá dojú dé, tí òrùlé wó wọlé, ara ṣì lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bẹ́líìtì alápá mẹ́rin kì í jẹ́ kí ara yẹ̀. Ó kan èèyàn mọ́ síìtì ní ìjókòó ṣánṣán, orí àti ọrùn ni òrùlé tó ń bọ̀ yóò sì kọ́kọ́ bá. Ìdí nìyí tí irin tó ń gbé òrùlé ró fi gbọ́dọ̀ ṣáájú bẹ́líìtì wọ inú ọkọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí kò dé akoto, kí ó mọ̀ pé irin tó sún mọ́ orí jù lè pa òun níbi tí jàǹbá kékeré kì bá ti ṣe òun ní nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí okùn tó rọ̀ wálẹ̀ yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbá ògiri, ara fẹ́ lọ síwájú, okùn sì ń fa èjìká sísàlẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn ló wà láàárín, òun ni wọ́n máa fún pọ̀. Òfin FIA, àjọ eré ọkọ̀ àgbáyé, ni pé okùn èjìká kò gbọdọ̀ rọ̀ sẹ́yìn ju dígírì 45 lọ, ó sì dára kó má ju 10 lọ. Ti àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró bí òpó. Ti irin ìdè tó gun ìdodo tún burú jù. Egungun ìbàdí lágbára, ó lè gba ìjà. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ kò lè gbà á. Okùn karùn-ún àti kẹfà, tí alápá mẹ́rin kò ní, tó gba àárín itan kọjá, ló ń fa ìdè ìbàdí sílẹ̀ kó má gun òkè. Ilé-iṣẹ́ Schroth ní Jámánì ṣe alápá mẹ́rin kan tí okùn èjìká kan ń tú díẹ̀ nígbà ìjàǹbá, kí ara má baà yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n dárúkọ fún un nìkan ló wà fún.

Síìtì tó bá ọkọ̀ wá kò ní ihò tí okùn wọ̀nyí máa gbà kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣeé tẹ̀. Síìtì eléré ní ihò, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀, ó sì máa ń ní lébẹ́ẹ̀lì FIA, 8855-1999 tàbí 8862-2009. Ẹ má ṣe kàn án mọ́ páànù ilẹ̀ ọkọ̀ lásán, ẹ fi irin tẹ́ abẹ́ bóòtù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fa páànù ya. Ẹ sì rántí pé bí àpò afẹ́fẹ́ bá wà nínú síìtì tí ẹ yọ, ẹ ti yọ òun náà nìyẹn.

Bí gbogbo èyí bá pé, ó ku ọrùn. Èjìká ti dúró, orí àti akoto sì ń lọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, 2001, Dale Earnhardt, awakọ̀ eléré ará Amẹ́ríkà tó ti gba ife-ẹ̀yẹ NASCAR ní ẹ̀ẹ̀meje, kú ní ìyípo tó kẹ́yìn eré Daytona 500. Ìsàlẹ̀ agbárí rẹ̀ ló ṣẹ́. HANS, ohun ìdáàbòbò ọrùn tí Robert Hubbard àti Jim Downing gbé jáde, ti wà lọ́jà nígbà náà, kò sì wọ̀ ọ́. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni NASCAR sọ irú rẹ̀ di dandan; Formula 1 sọ ọ́ di dandan ní 2003. Wọ́n dúró de òkú kí wọ́n tó ṣòfin.

Àwọn olùṣètò máa ń sọ pé ẹni tó ń wakọ̀ ti fọwọ́ síwèé, ọrùn ara rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ kò fi ariwo sílẹ̀ fún un, nítorí pé ariwo ń dí aládùúgbò lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú méjì tó láti wo ibi tí okùn èjìká so mọ́, ibi tí ìdè ìbàdí jókòó sí, àti ọjọ́ tí lébẹ́ẹ̀lì sọ pé ó máa dópin. Bẹ́líìtì FIA ní ọdún tí ó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ti àjọ SFI ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì péré. Ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà, pàápàá èyí tó jọ aláwọ̀ ewé Takata, nítorí náà ẹ má gba lébẹ́ẹ̀lì gbọ́ láìwo bí wọ́n ṣe rán an àti irin rẹ̀.

A tú ti àbúrò mi lọ́jọ́ náà, ó sì fi bẹ́líìtì tó bá ọkọ̀ wá sáré dọ̀sán. Ẹ̀yin olùṣètò, ní ọjọ́ ìsáré tó ń bọ̀, ẹ fi ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin tó ń wọn ariwo, kí ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fọwọ́ fa okùn wò.