Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Muda Lawal Fún Ọmọ Mẹkáníìkì?

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ariwo, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Bẹẹrẹ lẹ́yìn tí Shooting Stars bá gbá bọ́ọ̀lù tán. Bí wọ́n borí, ariwo. Bí wọn ò borí, ariwo. Àgbà kan á ní kí gbogbo wọn panu mọ́, pé ti 1976 ló ń jẹ́ bọ́ọ̀lù, ọdún tí Shooting na Tonnerre ti Yaoundé, tòun ti Roger Milla wọn, tó gba ife Áfíríkà tí kíláàbù Nàìjíríà kankan ò gbà rí.

Ọmọ iṣẹ́ á ní, "Bàbá, àwọn wo ló gbá a?"

"Odegbami! Muda Lawal! Best Ogedegbe ni gólíkípà!"

Ta ló tún kù? Bàbá á ṣí fìlà, á họ orí. Ìyókù ò wá mọ́.

Wọn kì í ṣe é báyìí l'Amẹ́ríkà. Eré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ béésìbọ́ọ̀lù: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi kóńdó gbá a, á sì ki eré mọ́lẹ̀. (Lójú ará Ọjà'ba, eré ọmọdé ni, ẹ má ṣáà sọ ọ́ níwájú wọn.) Wọn kì í wò ó lásán, wọ́n ń ka ìwé rẹ̀, bàbá ń kà á fún ọmọ. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn òyìnbó ò fi jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbá a nínú líìgì ńlá wọn, àfi ìgbà tí Jackie Robinson, ọmọ alágbàro láti Georgia, wọlé ní April 1947. Wọ́n bú u, wọ́n fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. 1972 tó kú náà ni ìwé ọ̀hún jáde. Ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ń kà á dòní.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní tirẹ̀. Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, ìdí iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ti bọ́ sídìí bọ́ọ̀lù. Ó lọ sí ìdíje ife Áfíríkà márùn-ún léra wọn, láti 1976 dé 1984. Nígbà tí Nàìjíríà fi 3-0 na Algeria ní 1980, Odegbami gbá méjì wọlé, Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ó kú ní July 1991, ọmọ ọdún 37 péré.

Ìyá tó ń ta èlùbọ́, tó ń lé ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí bọ́ọ̀lù lọ sídìí sípánà, kò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ló gbá bọ́ọ̀lù tí ò rí nǹkan mú wálé. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn gan-an ni ìwé Muda Lawal tọ́ sí, ní Yorùbá tó yé e, kó mọ̀ pé ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì ọkọ̀ ti gbé ife rí. Mélòó nínú yín ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé?

Ọ̀dọ́ tó wà ní pápá lọ́dún náà ti di bàbá àgbà báyìí. Ẹ̀yin ará Màpó, ẹ̀yin ará Bẹ́yẹrúnkà, bí ẹ ò bá lè kọ̀wé, ẹ pe ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, kí ẹ máa sọ, kó máa kọ: orúkọ àwọn mọ́kànlá, ẹni tó gbá góòlù, iye tí ẹ fi wọlé, ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ. Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀.