Ohùn Ayétòrò: Àmì Ọlọ́hun Kì í Ṣe Ohun Ẹ̀rín

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ọmọ ènìyàn, tí ó sì fún un ní ọ̀rọ̀ sísọ. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Kò sí oníwàásù tí kò mọ̀ pé nínú Súrátù Rúúmù, áyà kejìlélógún, Ọlọ́hun ka ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èdè àwọn ènìyàn mọ́ àwọn àmì Rẹ̀, Ó sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ dídá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbójú sókè tí ó ń fi sánmọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo Mùsùlùmí ni yóò sọ pé onítọ̀hún ti ṣìnà. Síbẹ̀, bí ọ̀dọ́ kan láti etí òkun Ìlàjẹ bá dìde ní àpéjọ, tí ó sì sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ayétòrò, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ gba ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ní kí ó sọ "Yorùbá gidi" fún àwọn. Àwọn tí ń rẹ́rìn-ín yìí kò fura pé àmì Ọlọ́hun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín.

Kí ni Yorùbá gidi? Yorùbá inú ìwé jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì sì ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ohùn Ọ̀yọ́ ni ó jẹ́ òpómúléró èdè tí wọ́n fi kọ ìwé. Àǹfààní ńlá ni èyí ṣe, nítorí pé ó jẹ́ kí ará Ìṣẹ́yìn àti ará Àkókó lè ka ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n ìpinnu ọmọ aráyé ni. Kò sọ ohùn àwọn yòókù di àbùkù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Abiodun Adetugbo, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní 1967, fi hàn pé Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú jọ wà nínú ẹ̀ka kan náà, ẹ̀ka gúúsù-ìlà-oòrùn èdè Yorùbá. Ẹ̀ka yìí ni ó pa ìró "gh" àtijọ́ mọ́, ìró tí ó ti di "w" lẹ́nu ará Ọ̀yọ́. Nígbà tí ará Ọ̀yọ́ bá ní "owó", "oghó" ni ará etí òkun yóò wí. Nígbà náà, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní àbùkù ni ó dàgbà jù nínú méjèèjì! Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà àgbà ni ó wà lẹ́nu ará Ayétòrò; ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú aṣọ tí àwọn baba ńlá Yorùbá wọ̀, ibẹ̀ ni yóò wò.

Èdè kì í sọ ìtàn nìkan, ó ń fi ilẹ̀ àti omi hàn pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gba ojú omi kọjá láti Ayétòrò yóò bá àwọn Ìjọ ní Àrógbò, tí wọ́n di èdè Ìjọ wọn mú. Yóò bá àwọn Àpọ̀ì, tí wọ́n jẹ́ Ìjọ ní ìran, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Bí ó bá lọ sí ìhà ìlà-oòrùn síwájú sí i, yóò bá àwọn Ìṣẹ̀kírì, tí èdè wọn àti Yorùbá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Èyí fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó ń fún ènìyàn ní èdè, àjọgbé ni. Ní 1998, Ìlàjẹ àti Ìjọ Àrógbò gbé ìjà tí ó ba ọ̀pọ̀ ìletò jẹ́ tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Súrátù Hujuráàtì, áyà kẹtàlá, ti kọ́ Mùsùlùmí pé nítorí kí àwọn ènìyàn lè mọ ara wọn ni Ọlọ́hun ṣe pín wọn sí ìran àti ẹ̀yà. Ibi tí ẹ̀sín èdè bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀tá kò jìnnà síbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní etí omi yìí náà ni ó rí ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ tó nǹkan bí 2,000, tí Nàìjíríà nìkan sì ní ju 500 lọ nínú wọn. Ní Freetown, ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Jámánì, Sigismund Koelle, gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n yọ kúrò nínú oko ẹrú, ní èdè tí ó ju 100 lọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854. Wọ́n ti gba ilé, oko àti ìbátan lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n èdè wọn kù sí wọn lẹ́nu, òun ni ó sì ń jẹ́rìí ibi tí wọ́n ti wá.

Ìtàn Ìsìláàmù pàápàá wà nínú èdè. Àdúrà, àlàáfíà, wàásù, sùúrù, wákàtí, àlùbáríkà: láti inú èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá, ọwọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà tí wọ́n gba ọ̀nà Málì, Sóńgáì àti ilẹ̀ Haúsá ni wọ́n sì gbà dé. Ọmọlẹ́yìn Kírísítì ni àwọn tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947, àwọn ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kúnlẹ̀, "àdúrà" ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe, "àlàáfíà" ni wọ́n sì ń tọrọ. Ta ni ó wá lè sọ pé èdè etí òkun kò kan Mùsùlùmí?

Àwọn kan yóò ní èdè Lárúbáwá ni èdè Àlùkùránì, nítorí náà kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí gbájú mọ́ ọn, kí ó fi ẹ̀ka èdè abúlé sílẹ̀. Òótọ́ ni pé kò sí èdè tí ó lè gba ipò Lárúbáwá nínú ìrun. Ṣùgbọ́n Súrátù Ìbúráhíìmù, áyà kẹrin, jẹ́ kó yé àwọn onígbàgbọ́ pé èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ ni Ọlọ́hun fi ń rán òjíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ lè yé wọn. Nínú hádíìsì tí Bùhárì àti Mùsílíìmù jọ gbà wá, Úmárù gbọ́ tí Hishaam ọmọ Hakeem ń ké Súrátù Fùrùkónì ní ọ̀nà tí òun kò kọ́. Ó fi aṣọ mú un lọ́rùn, ó wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ Ànábì. Ànábì ní kí àwọn méjèèjì ké e, ó sì gbà á lẹ́nu àwọn méjèèjì, ó ní ọ̀nà méje ni Àlùkùránì sọ̀ kalẹ̀ lé. Àwọn onímọ̀ ní oríṣiríṣi àlàyé lórí ọ̀nà méje yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn fara mọ́ ọn pé ìrọ̀rùn ni fún àwọn ẹ̀yà Lárúbáwá tí ahọ́n wọn kò rí bákan náà. Bí Ọlọ́hun bá fi àyè sílẹ̀ fún ahọ́n àwọn ẹ̀yà nínú Tírà Rẹ̀, ta ni ọ̀dọ́ tí yóò gba àyè lọ́wọ́ ọmọ Ìlàjẹ nínú ìpàdé?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi falẹ̀ mọ́. Òkun ń jẹ Ayétòrò. Ó ti gbé ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ibi ìsìnkú lọ. Iṣẹ́ ìdènà omi tí ìjọba gbé síta ní 2004 kò gba ìlú náà sílẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń fọ́n ká lọ sí Igbókòdá, Òkìtìpupa àti Èkó. Bí àwọn ọmọ wọn bá dé ibi tí wọ́n lọ, tí ẹ̀sín pàdé wọn, wọn yóò pa ohùn ilé wọn tì. Nígbà náà, ohun tí omi kò lè gbé lọ, ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni yóò gbé e lọ. Iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún afẹ́fẹ́, ìgbì àti ẹja yóò bá àwọn àgbà lọ sí sàréè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀. Èkíní, kí ẹ̀sín èdè dópin nínú gbogbo ìpàdé àti ilé kéwú. Èkejì, kí ẹni tí ó bá lọ ṣe dáwà ní etí òkun kọ́ ohùn ibẹ̀, tàbí kí ó mú ọmọ ibẹ̀ dání kí ó sọ ọ́. Wàásù tí kò yé ìyá arúgbó tí ń yan ẹja kò tíì dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Ìlàjẹ sílẹ̀, Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì wọn, kí wọ́n sì bá wọn kẹ́dùn ilé tí omi gbé lọ. Aládùúgbò ni wọ́n, ẹ̀tọ́ aládùúgbò sì wà lọ́rùn Mùsùlùmí.

Kí Ọlọ́hun Ọba tí ó dá ahọ́n má ṣe jẹ́ kí ahọ́n àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí jẹ́rìí takò wọ́n ní ọjọ́ ìṣírò. Kí Ó sì dá omi dúró lẹ́yìn ilé àwọn ará Ayétòrò. Àmín.